Aràrá Àwọn Gíríìkì

Àwọn kan wà láàárín àwa ọ̀mọ̀wé tí kì í rẹ̀ láti máa wí pé èdè Yorùbá kò lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ẹ̀rí wọn ni pé láti inú Gíríìkì àti Látìn ni a ti ṣẹ̀dá àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń wọn nǹkan. Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a tú ẹrù náà wò.

Inú metron ni mítà ti wá, òṣùwọ̀n lásán sì ni metron lẹ́nu ará Gíríìkì. Inú khilioi ni kílò ti wá, ẹgbẹ̀rún ni. Mílì wá láti inú mille àwọn ará Róòmù, ẹgbẹ̀rún kan náà ni! Àwọn ará Faransé tí wọ́n fi òfin gbé ètò ìwọ̀n tuntun kalẹ̀ ní 1795 ni wọ́n pinnu pé ti Gíríìkì ni kí ó máa sọ nǹkan di púpọ̀, kí ti Látìn máa gé e wẹ́wẹ́. Wọ́n gé khilioi kúrú kí ó tó di kílò, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti sọ igba àrún di ẹgbẹ̀rún. Wọ́n so centum ti Látìn mọ́ metron ti Gíríìkì, ó di sẹ̀ǹtímítà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé irú àmúlùmálà bẹ́ẹ̀ wá fún mi, máàkì rẹ̀ ni n óò dín kù.

Nánò wá ńkọ́? Ní 1960 ni àpérò àgbáyé lórí ìwọ̀n fọwọ́ sí i fún ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan. Nanos ni orísun rẹ̀, ìyẹn aràrá. Onímọ̀ físíìsì kankan kò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá dìde ní ìpàdé wa, tí ó ní kí a pè é ní aràrá-mítà, ẹ̀rín ni wọn yóò fi mú un jókòó, bí ẹni pé aràrá tiwa nìkan ni ó kúrú.

Òfin àti ìfohùnṣọ̀kan ni ó gbé mítà ró. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ó sì yé àwọn ọmọ náà. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kí 2025 tó parí, wọ́n ti fagi lé e. Faransé pàápàá yẹsẹ̀ ní 1812, nígbà tí Napoleon tún fàyè gba orúkọ àwọn ìwọ̀n àtijọ́ lọ́jà. Ṣùgbọ́n wọ́n padà ṣe òfin ní 1837, ó sì di dandan fún tajá-tẹran láti ìbẹ̀rẹ̀ 1840.