Ìròyìn ò tó àfojúbà: ó yẹ kí mẹkáníìkì máa fi iná wo táímìn ọkọ̀

Bí èèyàn bá gbé ọkọ̀ tí kò fẹ́ fà mọ́ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Orin, Ìdó, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìkọ̀lé-Èkìtì, ohun kan náà ni yóò máa rí. Ọ̀gá á ní kí ọmọ iṣẹ́ òun wọnú ọkọ̀, kó tẹná mọ́ ọn. Òun fúnra rẹ̀ á tú nọ́ọ̀tì tó di dísírìbútọ̀ mú, á máa yí i síwá sẹ́yìn, á dẹ etí sílẹ̀. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ti dùn mọ́ ọn létí, á di nọ́ọ̀tì náà padà, á ní ó ti bọ́ sí i. Oníbàárà á sanwó, ó di ilé.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú etí àwọn ọ̀gá wọ̀nyí. Etí náà ló gbé Peugeot 504 tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Kàdúná láti ọdún 1975 àti ìjàpá Volkswagen tí wọ́n ń tò ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, kọjá òkè àti ọ̀gbun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ìròyìn ò tó àfojúbà. Irinṣẹ́ kékeré kan wà tí àwọn tó ń ta irinṣẹ́ ń pè ní timing light, ìyẹn iná táímìn, tó ń jẹ́ kí ojú rí ohun tí etí kàn ń méfò. Àkókò ti tó kí ó di dandan ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Púlọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ taná díẹ̀ kí pístìnì tó dé òkè pátápátá, dígírì ni wọ́n sì fi ń wọn "díẹ̀" yẹn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 800 ní ìṣẹ́jú kan, dígírì márùn-ún kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Etí wo ló lè wọn ìyẹn?

Bẹ́ẹ̀, àṣìṣe kékeré yìí ń náni lówó. Bí iná bá yá jù, ẹ́ńjìnnì á máa dún kò-kò-kò bó bá ń gun òkè, sítátà lè máa ta padà, orí pístìnì sì lè jó. Bí ó bá pẹ́ jù, ọkọ̀ á máa gbóná, kò ní lágbára, epo tó yẹ kó di agbára á di ooru tó ń gba sàìlẹ́ńsà jáde. Awakọ̀ tó ń ná Ìfàkì sí Ìkọ̀lé kò ní mọ̀ ju pé òun ń tẹná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó lè pààrọ̀ kábúrétọ̀, kó tún reedíétọ̀ ṣe, nígbà tó jẹ́ pé táímìn ni.

Láyé ìgbà tí 504 ṣì jẹ́ tuntun, irú òfò bẹ́ẹ̀ ṣeé mú mọ́ra. Lọ́dún 1978, lítà epo pẹtiróòlù kan kò tó 20 kọ́bọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó epo gbéra, nígbà tó sì fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, lítà kan ti kọjá ₦1,000. Ẹni tó ń fi píkọ́ọ̀pù kó iṣu àti kòkó láti oko kò lágbára àtifi epo ṣòfò mọ́.

Lílò rẹ̀ kò le. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná dáadáa, wọ́n á pa á, wọ́n á fi ẹfun sàmì sí ojú ìlà tó wà lára púlè. Wáyà pupa lọ sí pọ́sítíìfù bátìrì, dúdú lọ sí nẹ́gétíìfù, ẹ̀mú rẹ̀ sì lọ sára wáyà púlọ́ọ̀gì àkọ́kọ́. Bí ọkọ̀ bá ní ọ̀pá róbà tó ń fa afẹ́fẹ́ wọ dísírìbútọ̀, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á dí i. Wọ́n á wá ta ẹ́ńjìnnì, kò gbọ́dọ̀ sáré. Gbogbo ìgbà tí púlọ́ọ̀gì yẹn bá taná ni iná náà á ṣẹ́jú, nítorí náà, ìlà tó ń yí á dà bíi pé ó dúró sójú kan. Ibi tó bá dúró sí ni wọ́n á fi wé iye tí ìwé ọkọ̀ kọ.

Ewu ibẹ̀ ni pé fáànù náà lè dà bíi pé ó dúró. Kò dúró o! Ẹni tó bá gbàgbé, ìka rẹ̀ ló máa fi san án.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó ra èyí tó ń fi ẹ̀mú gbá wáyà púlọ́ọ̀gì mú láìjá a, tí iná rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ débi pé ojú á rí i lọ́sàn-án. Èyí tí iná rẹ̀ bá ṣú, abẹ́ òrùlé nìkan ló wúlò. Ẹni tí kò tíì lówó rẹ̀, gílóòbù 12 fóòtì àti wáyà méjì tó fún ọkọ̀ tó ń lo kọ́ńtáàtì: gílóòbù yẹn á tàn ní ìgbà tí kọ́ńtáàtì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, ẹ́ńjìnnì kò sì ní í ṣiṣẹ́ nígbà náà.

Àwọn kan á ní ọkọ̀ òde òní ti kọjá èyí, pé kọ̀ǹpútà ló ń ṣètò táímìn. Òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí kò ní dísírìbútọ̀ mọ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ Corolla tòkunbọ̀ ọdún 1990 sí 1997 ṣì ní in. Ìwé wọn ní kí wọ́n fi wáyà so TE1 mọ́ E1 kí wọ́n tó wo táímìn, kó sì wà ní dígírì 10. Ẹni tó bá yí i láìso wáyà yẹn, kọ̀ǹpútà á máa tún un yí mọ́ ọn lọ́wọ́ ni. Etí kò lè bá kọ̀ǹpútà jiyàn.

Etí ṣì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Dísírìbútọ̀ tó ti jẹ, ẹ́ńjìnnì tó ti gbó, kò ní máa tẹ̀ lé ìwé délẹ̀. Ó yẹ kí ọ̀gá wa ọkọ̀ gun òkè lẹ́yìn tó bá fi iná wò ó tán, kó gbọ́ bóyá ó ń dún. Ojú ni kó ṣáájú, kí etí máa tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Ẹnì kan lè má lè dá a rà, àmọ́ mẹkáníìkì mẹ́wàá tó bá dáwó jọ kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹgbẹ́ wọn ní ìlú kọ̀ọ̀kan lè ní ẹyọ kan tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ á máa yá lò, kí wọ́n sì fi owó díẹ̀ lé iṣẹ́ náà. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ Fásitì Ìjọba Àpapọ̀ Ọ̀yẹ́-Èkìtì wà ní Ìkọ̀lé, kò jìnnà sí wọn. Ọjọ́ kan péré tó fún wọn láti kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ọmọ tó bá gba fíríìdọ̀mù láìmọ iná táímìn, ìdajì iṣẹ́ ló kọ́.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ oníbàárà ni àṣẹ wà. Bí ẹni tó ń sanwó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, dígírì mélòó ló wà?", kò ní pẹ́ tí iná náà á fi dé gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀.