Ẹja Odò Wa Ló Yẹ Àpótí Dígí Wa

Ẹni tó bá fẹ́ gbé àpótí dígí ẹja sí pálọ̀ rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Èmùré nílẹ̀ Èkìtì, ewéko odò ni kó kọ́kọ́ wá, kó tó wá ẹja. Tó bá sì kan ẹja, kó má ṣe ránṣẹ́ sí Èkó fún goldfish, ẹja ilẹ̀ Ṣáínà. Odò ìtòsí ni kó gbà lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ni kò ní gbà fún mi. Ohun tí ojú wa ti mọ́ nílé ìtura àti ní ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá ni abọ́ dígí róbótó, tí goldfish méjì ń yí po nínú omi lásán, òkúta aláwọ̀ aró nísàlẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan sì ń fẹ́ atẹ́gùn sómi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Iná ló ń mú ẹ̀rọ yẹn ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá mú iná lọ lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí wọn ò dá a padà títí di ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ta ni yóò jókòó ti jẹnẹrétọ̀ nítorí ẹja méjì? Bẹ́ẹ̀ goldfish kì í ṣe ẹja kékeré rárá. Ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń tà fún wa. Tó bá dàgbà, ó lè gùn ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ, ìgbẹ́ rẹ̀ sì pọ̀. Ìgbẹ́ náà àti oúnjẹ tó ṣẹ́ kù ló ń di ammonia nínú omi, ammonia yìí ló sì ń pa ẹja, kì í ṣe ará ilé. Ẹni tí ẹja rẹ̀ kú á da omi nù, á ra òmíràn, èyí náà á tún kú. Ẹni tó ń tà á nìkan ló ń jèrè.

Ewéko ló tán ìṣòro yìí. Lọ́sàn-án, bí ìmọ́lẹ̀ bá ti wà, ewé inú omi ń tú afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí sílẹ̀, ó sì ń fi ammonia ṣe oúnjẹ jẹ. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé lára iyanrìn àti ewé ń sọ ìyókù di nitrite, wọ́n tún ń sọ nitrite di nitrate, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ le fún ẹja, tí ewéko tún ń jẹ. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn kòkòrò yìí kì í pọ̀ tó lọ́jọ́ kan. Ó ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Láàárín àkókò yẹn, iyanrìn, omi àti ewé nìkan ni kó wà nínú àpótí, kí àlejò tó bá wọlé máa béèrè pé ẹja dà, kí onílé máa rẹ́rìn-ín. Bó bá tó àkókò, ẹja méjì tàbí mẹ́ta ni kéèyàn fi bẹ̀rẹ̀. Lóru, ewéko náà ń mí afẹ́fẹ́ kan náà tí ẹja ń mí, nítorí náà ẹni tó bá kó ẹja kún inú àpótí kò ní rí ewéko dá lẹ́bi.

Àpótí fúnra rẹ̀ kò le. Àwọn tó ń gé gíláàsì fèrèsé ní ìlú wa lè gé e, kí wọ́n fi sílíkóònù lẹ̀ ẹ́. Èyí tó gùn ní 60 sẹ̀ǹtímítà, tó fẹ̀ ní 30, tó ga ní 30, ń gba omi lítà 54. Omi yẹn nìkan ti wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ, ká má tíì ka iyanrìn. Nítorí náà kí káfíńtà ṣe tábìlì sí i, kí a má gbé e lé àga oníke. Iyanrìn odò là ń wí, kí a fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́ gaara. Omi kànga tàbí ti ẹ̀rọ ilẹ̀ dára púpọ̀, nítorí kò ní oògùn kílóríìnì tó wà nínú omi ẹ̀rọ ìjọba, àmọ́ kí a jẹ́ kó sùn nínú garawa mọ́jú, nítorí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í pọ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Kí a má gbé àpótí síbi tí oòrùn á ti máa pa á tààrà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á di àwọ̀ ewé, dígí á máa yọ̀. Ní ti ẹ̀rọ amúmigbóná tí àwọn ará Yúróòpù ń rà, ooru ilẹ̀ Èkìtì ti bá wa san owó rẹ̀.

Ewéko wo? Gbogbo wa la ti fi ojú oró àti òṣíbàtà ṣàdúrà rí pé a ó lékè. Mélòó nínú wa ló ti wo abẹ́ wọn? Ojú oró tí a bá gbé sínú àpótí dígí máa ń ju gbòǹgbò sílẹ̀ bí irùngbọ̀n, inú irùngbọ̀n náà sì ni ẹja ń yé sí. Ó ń bí sí i gan-an ni, kí a máa dín in kù kó má bo ìmọ́lẹ̀ pa. Òṣíbàtà tóbi díẹ̀ fún àpótí kékeré, àfi bí a bá ń gé ewé tó bá fẹ́ léfòó. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Anubias barteri, tó ń hù lára òkúta etí odò inú igbó láti Nàìjíríà dé Kamẹrúùnù. Orúkọ Charles Barter ni wọ́n fi sọ ọ́, òyìnbó onímọ̀ ewéko tó bá ọkọ̀ Baikie, òyìnbó aṣàwárí ilẹ̀, gba odò Ọya wá ní 1857, tó sì kú sí ilẹ̀ wa ní 1859. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ti tó o. Kí a má ri ìtàkùn rẹ̀ mọ́ iyanrìn, á rà. Kí a fi òwú so ó mọ́ òkúta tàbí igi.

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an ni ẹja. Ẹja kékeré kan wà, Fundulopanchax gardneri, tí kì í ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 6 tàbí 7 lọ. Boulenger, onímọ̀ nípa ẹja, ló fún un lórúkọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní 1911. Akọ rẹ̀ ní àwọ̀ aró tó ń dán mọ́ àwọ̀ ewé, ẹ̀jẹ̀ ta sí i lára tótótó, lẹbẹ rẹ̀ sì ní ọ̀já pupa tàbí olómi ọsàn létí. Abo rẹ̀ ò ní nǹkan kan lára ju àwọ̀ ilẹ̀ lọ. Àwọn tó ń sìn ín ní Jámánì àti Amẹ́ríkà pín in ní ìdílé ìdílé, gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ mú un: Nsukka, Makurdi, Lafia, àti Àkúrẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, Àkúrẹ́ tí mọ́tò ń ná láti Ìkẹ́rẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ẹnì kan wà ní Jámánì lónìí tó lẹ bébà mọ́ àpótí dígí rẹ̀, tó kọ "Akure" sí i, nígbà tí ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ń fi owó gọbọi ra ẹja Ṣáínà.

A ti mọ irú èyí nílẹ̀ wa. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ sí ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ lọ sí ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, kò padà mọ́; ó wà ní British Museum. Ẹni tó bá fẹ́ rí i á gba físà. Ti ẹja kò rí bẹ́ẹ̀.

Ó tún rọrùn láti bọ́. Tànwíjì ni oúnjẹ tó fẹ́ràn, ọ̀fẹ́ sì ni nínú gbogbo táyà tí òjò rọ̀ sí. Ẹyin rẹ̀ kò tóbi ju hóró iyanrìn lọ, á lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò ojú oró, á sì pa ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Àléébù kan tó ní ni pé ó mọ fífò. Bí ihò tó gba ìka bá wà lójú ọmọrí, àárọ̀ ọ̀la lẹ máa bá a nílẹ̀, tó ti gbẹ.

Àwọn kan á ní ẹja wà fún ọbẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ọbẹ̀ ni, ẹ wá àrọ̀. Ogún irú ẹja yìí kò lè kún ṣíbí. Àwọn mìíràn á ní bí gbogbo ènìyàn bá gbé asẹ́ lọ sódò, ẹja á tán. Ọ̀rọ̀ yìí lágbára, mi ò ní fojú fò ó. Àmọ́ akọ kan àti abo méjì ti tó láti bẹ̀rẹ̀, ọmọ wọn ni aládùúgbò yóò gbà, kì í ṣe pé òun náà á tún lọ sódò. Odò tí èèwọ̀ bá wà lórí ẹja rẹ̀, kí a fi í sílẹ̀ pátápátá. Ohun tó ń pa ẹja odò wa tán kì í sì í ṣe asẹ́. Gammalin 20 tí wọ́n kó wá fún kòkòrò kòkó ni àwọn kan ń dà sómi láti fi pẹja, ó ń pa ẹyin, ọmọ àti ìyá papọ̀. Oògùn apakoríko tí a ń fín létí odò náà ń bọ́ sínú omi bí òjò bá ti rọ̀. Ẹni tó ń sin ẹja odò náà nílé ló máa kọ́kọ́ pariwo.

Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè pọ̀ ni mo ṣe rò pé Yunifásítì Bamidele Olumilua ní Ìkẹ́rẹ́, tó jẹ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ tẹ́lẹ̀, ló yẹ kó gba iṣẹ́ yìí. Olùkọ́ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó bá mọ bí a ṣe ń to àpótí kan, tó sì gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Ìsẹ̀ tàbí Èmùré, kò ní máa ya ẹja sójú pátákó mọ́.

Ó ku ohun kan tí n kò ní gbà rárá: kí ẹni tí ẹja sísìn ti sú gbé ohun inú àpótí rẹ̀ dà sódò. Ewéko omi tí wọ́n ń pè ní water hyacinth, ọmọ Gúúsù Amẹ́ríkà, gba ọ̀sà ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wọ Bàdágìrì ní 1984, àwọn apẹja ń bá a jà títí di òní. Kódà ẹja ilẹ̀ wa kò gbọdọ̀ ti odò kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn ará Jámánì tí mo ń wí kì í jẹ́ kí ti Àkúrẹ́ àti ti Nsukka gun ara wọn. Bí ẹja bá pọ̀ jù lọ́wọ́ yín, ẹ fún ará ilé kejì.