Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn Ìjàpá

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kì í ṣe ìjàpá inú àlọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Volkswagen tí àwọn bàbá wa sọ lórúkọ náà ni, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní ọdún 1975. Àwọn ọ̀dọ́ tún ti ń wá a rà, wọ́n ń kùn ún, wọ́n ń tún un ṣe. Ẹni tó bá ra ọ̀kan tó mọ ọ̀nà wa, láti Òsì títí dé Ìlọ́fà, kò ní pẹ́ rò pé kí mẹkáníìkì gbé ìdí rẹ̀ sókè nítorí kòtò.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Nínú ọ̀pọ̀ ìjàpá àtijọ́, ọ̀pá tó gbé táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ní oríkèé kan ṣoṣo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíábọ́ọ̀sì. Ọ̀pá àti táyà jọ ń lọ sókè-sódò bí apá ẹyẹ. Bí ìdí ọkọ̀ bá ga, ìsàlẹ̀ táyà méjèèjì á wọnú, òkè wọn á ṣí síta. Bí awakọ̀ bá wá sáré wọ kọ́nà, tí àyà rẹ̀ já, tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù lójijì, ìdí ọkọ̀ á tún ga sí i, táyà ìta á ká sábẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn tí ẹ́ńjìnnì wà á sì fẹ́ ṣáájú iwájú. Ọkọ̀ lè yí dànù bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń fi irú ẹsẹ̀ yìí díje mọ̀ ọ́n. Láti ọdún 1963 ni eré Formula Vee ti wà ní Amẹ́ríkà. Ẹ́ńjìnnì, gíábọ́ọ̀sì àti ẹsẹ̀ ìjàpá ni ọkọ̀ wọn ń lò. Wọ́n máa ń rẹ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ títí òkè táyà á fi tẹ̀ sínú díẹ̀, wọ́n á sì ká táyà lọ́wọ́ kò kó má baà já sísàlẹ̀ jù.

Ìjàpá tiwa kò ní sípíríǹgì wíwé lẹ́yìn. Ọ̀pá irin tó ń lọ́ ló ń gbé e, eyín 40 ní ìpẹ̀kun inú, 44 ní ti ìta. Bí mẹkáníìkì bá yí ti inú ní eyín kan, tó sì dá ti ìta padà ní eyín kan, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó dígíìrì kan. Iṣẹ́ onísùúrù ni, ọ̀tún àti òsì sì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ẹni tó bá ní wákàtí kan péré lòun á fi ṣe é, ẹ wá ẹlòmíràn.

Bí kòtò kò bá jẹ́ kí ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ẹ má ṣe gbé e ga ju bí ilé-iṣẹ́ ti ṣe é lọ. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ táyà iwájú kéré sí ti ẹ̀yìn. Ẹ tẹ bírékì kí ẹ tó dé kọ́nà, kí ẹsẹ̀ yín sì wà jẹ́jẹ́ lórí tọ́tù títí ẹ ó fi jáde níbẹ̀.