Wọ́n ti sọ fíìmù Ṣáínà dọ̀tun, ti Yorùbá ńkọ́?

Ẹni tó bá gbé Mọ́níyà, Lálúpọn, Ẹ̀rúnmu tàbí Akánrán ní nǹkan bí ogún sí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn yóò mọ ilé fídíò dáadáa. Ṣọ́ọ̀bù kan, tẹlifíṣàn kan, bẹ́ǹṣì mélòó kan, jẹnẹrétọ̀ sì ń pariwo lẹ́yìnkùlé. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá ti ti oko dé, fíìmù Ṣáínà ni wọ́n máa ń sáré lọ wò níbẹ̀. Wọn kò gbọ́ èdè àwọn tó ń ṣeré, àwọn tó lè ka Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọjá lábẹ́ àwòrán kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ìtumọ̀ ẹ̀ṣẹ́?

The 36th Chamber of Shaolin, tí ilé-iṣẹ́ Shaw Brothers gbé jáde ní Hong Kong ní 1978, wà lára èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú irú àwọn fíìmù bẹ́ẹ̀. Lau Kar-leung ló darí rẹ̀, Gordon Liu sì ni olú òṣèré. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ìtàn náà dá lé lórí, tí ìjọba Manchu pa àwọn èèyàn rẹ̀, tó wá sá lọ sí ilé àwọn àlùfáà Shaolin láti kọ́ ìjà. Ẹ̀kọ́ ìjà kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fún un. Lára ohun tí wọ́n fi dán an wò ni omi pípọn: kó na apá méjèèjì jáde pẹ̀lú garawa omi lọ́wọ́, ọ̀bẹ sì wà lápá rẹ̀ tí yóò gún un níhà bó bá sọ apá kalẹ̀. Ọmọ abúlé ní Lágelú tó ti ń pọnmi odò kí ilẹ̀ tó mọ́ kò nílò ògbufọ̀ níbẹ̀.

Fíìmù yìí kò kú. Ní 2000, ilé-iṣẹ́ Celestial Pictures ra àwọn fíìmù Shaw Brothers tó lé ní 700, wọ́n tún àwòrán àti ohùn wọn ṣe, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà wọ́n lórí DVD ní 2002. Ní 2022, ilé-iṣẹ́ Arrow Video nílùú Ọba tún gbé The 36th Chamber jáde lórí Blu-ray. Fíìmù tó ti lé ní ogójì ọdún wá ń dán bí ẹni pé àná ni wọ́n yà á.

Ní àsìkò kan náà, ní ìparí àwọn ọdún 1970, Ọlá Balógun darí Ìjà Òmìnira, Adéyẹmí Afọláyàn, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Adé Love, sì kópa pàtàkì nínú rẹ̀. Inú ìwé Ọmọ Olókùn Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ ni wọ́n ti mú un. Àwọn tí wọ́n ń ni lára tí wọ́n sì dìde ni òun náà dá lé lórí. Ẹ wo bí ìtàn méjèèjì ṣe jọra! Síbẹ̀, ọmọ Ẹgbẹ́dá lè wo ti Shaolin lórí fóònù rẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ojúlówó ẹ̀dà Ìjà Òmìnira kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rí rà lọ́jà.

Ohun tó fa èyí kò ṣókùnkùn. Ní 1982, Mósè Ọláìyá, Bàbá Sàlá, kó owó ńlá, tí owó yíyá wà nínú rẹ̀, lé Ọ̀run Móoru lórí. Kò tíì jèrè rẹ̀ tí àwọn olè fi dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń tà á káàkiri. Gbèsè ńlá ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Ta ló máa rí èyí tí kò ní tọ́jú róòlù fíìmù tirẹ̀ pa mọ́? (Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé púpọ̀ nínú fíìmù Ṣáínà tí wọ́n wò ní abúlé náà jẹ́ àdàkọ tí Shaw Brothers kò rí kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Shaw Brothers ní ọjà mìíràn tó gbé wọn ró.)

Ṣùgbọ́n róòlù tí wọ́n tọ́jú pa mọ́ nínú ooru ilẹ̀ yìí ń kú lọ ni. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ọtí kíkan, yóò sún kì, àwòrán orí rẹ̀ yóò sì bàjẹ́. Ibi tó tutù, tó sì gbẹ, ló lè gbà á là.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé kò ṣeé ṣe. Shaihu Umar, fíìmù Haúsá tí Adamu Halilu ṣe ní 1976, ti sọnù títí wọ́n fi rí i ní 2016 ní ilé àkójọ fíìmù ìjọba àpapọ̀ ní Jos. Wọ́n tún un ṣe ní Jámánì, wọ́n sì fi í hàn ní Berlin ní 2018. Fíìmù Yorùbá wo ló tún kù tí ẹnikẹ́ni kò tíì wá lọ síbẹ̀?

Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló yẹ kó gba iṣẹ́ yìí ṣe pẹ̀lú àwọn ìdílé tó ni àwọn fíìmù náà. Kí wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan róòlù, kí ẹ̀tọ́ sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Bí wọ́n bá tún un ṣe tán, kí BCOS fi í hàn, kí wọ́n gbé e dé gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé àti Ọ̀nà-Àrà, kí owó ẹ̀dà rẹ̀ sì mọ níwọ̀n tí ti olè kò fi ní wu èèyàn rà. Àwọn ìdílé tí róòlù wà nínú yàrá wọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ pè, kí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn tó wọlé dé.