Mbanié: Ta Ló Ni Erékùṣù?
Erékùṣù Mbanié, tí Gabon àti Equatorial Guinea ń jà lé lórí, kéré gan-an, ṣùgbọ́n ìrètí epo rọ̀bì wà nínú òkun tó yí i ká. Lọ́dún 1972 ni ọmọ ogun Gabon gbà á, tí wọ́n sì tẹ̀dó síbẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé dájọ́ pé Equatorial Guinea ló ni ín, torí ó jogún rẹ̀ lọ́wọ́ Sípéènì ní 1968. Ìdájọ́ òdodo ni lójú tèmi. Ilé ẹjọ́ yìí kan náà ló fún Cameroon ní ilẹ̀ Bakassi, tí Nàìjíríà náà ń dù, ní 2002. Ó dun àwa ọmọ Nàìjíríà wọra, síbẹ̀ a kó ológun wa kúrò. Kí Gabon náà ṣe bẹ́ẹ̀, kí òun àti Equatorial Guinea tó jọ jókòó pín ààlà òkun.