Ìmọ̀ràn fún Àwọn Ìyá: Ikùn àti Èémí

 Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ń jókòó ti ọjà láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tí ara sì ń tóbi sí i. Bí ẹ bá wá ń mí lókè-lókè, ẹ ó ní, "Àgbà ni ó dé." Kì í ṣe àgbà nìkan.

Iṣan pẹlẹbẹ kan ni ó pààlà àyà àti ikùn. Nígbà tí a bá mí sínú, a máa sọ̀kalẹ̀, kí ẹ̀dọ̀fóró lè gba afẹ́fẹ́. Bí ọ̀rá bá kún ikùn, iṣan náà kì yóò rí àyè tó, pàápàá bí a bá dùbúlẹ̀.

Nítorí náà, ẹ fún iṣan ikùn ní iṣẹ́. Ẹ jókòó ṣánṣán lórí àpótí yín. Ẹ fa èémí gba imú. Kí ẹ sì rọra fẹ́ ẹ jáde láti ẹnu, kí ẹ máa fa ikùn wọlé, títí ẹ ó fi ka àrún. Ẹ ṣe é ní ìgbà 10 láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Èyí nìkan kò lè yọ́ ọ̀rá: ẹ dín oúnjẹ kù, kí ẹ sì máa fi ẹsẹ̀ rìn. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn àgbàlagbà nímọ̀ràn pé kí wọn máa ṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n bí èémí kò bá délẹ̀ nígbà tí ẹ jókòó jẹ́ẹ́, tàbí tí ẹsẹ̀ yín wú, ẹ tọ dókítà lọ kíákíá. Ọjà lè di ọjọ́ mìíràn. Ẹ̀mí kò láàrọ̀.