Ẹ má ra orúkọ, gìtá ni kẹ́ ẹ rà

Ẹ dúró ní Sábó, Yaba, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, kí ẹ kàn máa wo èrò. Kò ní pẹ́ tí ẹ fi máa rí ọ̀dọ́ tó gbé gìtá kọ́ ẹ̀yìn. Ọ̀kan ń bọ̀ láti YABATECH, ọ̀kan ń sáré lọ síbi ìgbáradì ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan ń wá danfo Ojúẹlẹ́gba torí òde tí wọ́n máa ṣe mọ́jú. Ẹ bi wọ́n pé gìtá wo ló wù wọ́n láti ní. Orúkọ ni ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́: "Gibson ni jàre," "Fender ni tèmi." Ẹ wá bi wọ́n pé kí ló dé tó fi jẹ́ òun. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń tán lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn.

Èrò tèmi rèé: ní Èkó tí a wà yìí, ohun mẹ́ta ló yẹ kó yan gìtá fún yín. Àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Ìkejì ni iná tí ẹ máa kì í bọ̀. Ìkẹta ni ẹni tó máa tún un ṣe lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́. Orúkọ tó wà ní orí rẹ̀ ló yẹ kó gbẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti eré. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye tí náírà jẹ́ sí dọ́là, ohun èlò orin tó ń ti òkè òkun wá ti di ọ̀wọ́n gógó. Owó tí ọ̀dọ́ kan fi odidi ọdún kan kó jọ lè wọ inú gìtá kan ṣoṣo. Tó bá ṣì í rà, ọdún kan ló ṣòfò yẹn.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ rántí ilẹ̀ tí a dúró lé. Láti Sábó, tí ẹ bá gba Herbert Macaulay lọ sí Alágoméjì, ibẹ̀ ni ilé ijó Kakadu wà, níbi tí Fela àti Koola Lobitos ti ṣeré ní àwọn ọdún 1960, kó tó sọ ọ́ di Afro-Spot. Ojú ọ̀nà Ìkòròdú ni Bobby Benson ní Caban Bamboo sí. Nígbà tó yá, Fela gbé Shrine lọ sí Empire Hotel ní Ìdí-Òrò. Kí gbogbo ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, Àyìndé Bákàrè ti fi iná sí gìtá nínú orin jùjú ní ọdún 1949. Ìṣòro gidi ni iná yẹn yanjú: ìlù ń bo gìtá mọ́lẹ̀. Nígbà tí ohùn gìtá lè dé òkè, ẹgbẹ́ jùjú ráyè kó ìlù sí i. Ẹ kíyè sí i pé iṣẹ́ ló kọ́kọ́ wà, gìtá tó máa ṣe é ló tẹ̀ lé e.

Nísinsìnyí, kí ló mú gìtá kan yàtọ̀ sí òmíràn?

Tí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù ohun èlò orin èyíkéyìí ní Mushin, ọ̀pọ̀ gìtá oníná tó wà lára ògiri, mẹ́ta ni wọ́n wò ṣe: Telecaster ti Fender, tó gba orúkọ yẹn ní 1951, Les Paul ti Gibson, tó jáde ní 1952, àti Stratocaster ti Fender, tó jáde ní 1954. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ ojú wọn la ṣì ń wò.

Abẹ́ okùn ni ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ wà, níbi ohun tí wọ́n ń pè ní pickup. Òòfà ni, tí wọ́n wé wáyà bàbà tín-ín-rín yí ká lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Tí okùn irin bá ń gbọ̀n lókè òòfà yẹn, iná kékeré á jáde nínú wáyà. Iná kékeré náà ló ń gba kébù lọ sínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Èyí tó ní ìdì wáyà kan ṣoṣo ni wọ́n ń pè ní single coil, òun ló wà lára Telecaster àti Stratocaster. Ohùn rẹ̀ mọ́ ṣaka, ó mú bí abẹ. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í ṣe okùn gìtá nìkan ló ń gbọ́. Ó ń gbọ́ iná NEPA, ó ń gbọ́ inverter, ó ń gbọ́ glóòbù, á wá máa kùn nínú sípíkà bí oyin.

Ní ọdún 1955, Seth Lover, ẹnjiníà kan ní Gibson, fi ìdì wáyà méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ṣe wọ́n lódìkejì ara wọn, débi pé ariwo tí ọ̀kan bá gbé wọlé, èkejì á pa á. Humbucker nìyẹn. Láti 1957 ló ti wà lára Les Paul. Ohùn rẹ̀ nípọn, kì í kùn, ó sì máa ń pẹ́ kó tó kú.

Àwọn kan á ní, "Ṣé ẹ rí i? Nígbà tí iná wa rí báyìí, ṣebí Les Paul ló yẹ ká rà." Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi tí gìtá ti ń kùn ní Èkó, ẹjọ́ gìtá kọ́. Ẹjọ́ gbọ̀ngàn tí kò ní wáyà earth ni, tàbí ti jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n so láìsí ètò. Irú iná bẹ́ẹ̀ lè gbá yín lẹ́nu tí ẹ bá di okùn gìtá mú tí ètè yín kan máíìkì. Humbucker ò lè gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn. Ẹ pe oníná kó ṣàtúnṣe iná. Ní ti kíkùn fúnra rẹ̀, ẹni tó ń tún gìtá ṣe lè fi bébà bàbà bo inú ihò pickup yín, ariwo náà á dínkù.

Iṣẹ́ ni ká wò. Ẹ gbọ́ àwo Juju Music tí King Sunny Ade gbé jáde ní 1982. Oríṣiríṣi gìtá ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀, pedal steel ti Demola Adepoju ń gba òkè wọn kọjá, gángan ń dá wọn lóhùn. Inú irú orin yìí, ààyè ò sí. Gìtá tó sanra máa tẹ gángan mọ́lẹ̀, á sì tẹ àwọn gìtá yòókù pẹ̀lú. Èyí tó tín-ín-rín, tó mọ́, ló ń rí àárín gbà kọjá. Bákan náà ni afrobeat, tí onígìtá lè máa ta gbólóhùn kékeré kan ṣoṣo fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bákan náà ni highlife. Fún orin tiwa wọ̀nyí, single coil ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa jù.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé orin ìjọsìn tó ń fa ohùn gùn ni ẹ ń ṣe, tàbí rọ́ọ̀kì, tí gìtá gbọ́dọ̀ ké kó sì dúró lókè, humbucker ni iṣẹ́ yín ń béèrè. Kò sí ìjà níbẹ̀.

Ìyàtọ̀ kejì wà lára ọrùn. Ìṣó mẹ́rin ni wọ́n fi ń de ọrùn Telecaster àti Stratocaster mọ́ ara. Tí ọrùn bá bàjẹ́, ẹ lè tú u, kí ẹ fi òmíràn sí i. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń lẹ ọrùn Les Paul, orí rẹ̀ sì tẹ̀ sẹ́yìn. Tí gìtá yẹn bá ṣubú, ibi tí orí ti pàdé ọrùn ni igi ti máa ń ṣẹ́. Gbogbo ẹni tó ń tún gìtá ṣe ló mọ̀ ọ́n. Ẹ wá fojú inú wo gìtá bẹ́ẹ̀ nínú báàgì fẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́yìn ọ̀kadà, tàbí láàárín ẹsẹ̀ èrò nínú danfo. Les Paul tún máa ń wúwo. Èyí tó tó kílò 4 wọ́pọ̀. Òde àríyá wa kì í tètè tán, ẹ̀yin lẹ ni èjìká.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun rere rẹ̀ náà. Okùn Gibson kúrú díẹ̀, nǹkan bí íńṣì 24.75 sí 25.5 ti Fender. Nítorí náà okùn rẹ̀ rọ̀ lábẹ́ ìka, ẹni tí ìka rẹ̀ kéré á gbádùn rẹ̀. Gibson gidi sì máa ń di iye rẹ̀ mú tí ẹ bá fẹ́ tà á. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó ń fi gìtá jẹun ò rà á torí ọjọ́ tó máa tà á.

Tí ẹ bá bi mí, bí mo ṣe máa tò ó rèé. Ẹni tó fẹ́ máa ta jùjú, highlife àti afrobeat, kó wá irú Telecaster. Squier wà fún ìyẹn, ilé Fender náà ló ni ín, láti 1982 ni wọ́n ti ń fi orúkọ yẹn ta gìtá tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ẹni tí wọ́n ń pè sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, sí òde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, sí stúdíò láàárín ọ̀sẹ̀, kó wo irú Yamaha Pacifica 112, tó ní single coil méjì àti humbucker kan. Ẹni tó bá jẹ́ ohùn Les Paul ló ń wá, Epiphone wà, abẹ́ Gibson ló wà láti 1957. Ẹ jẹ́ kí gìtá kìíní san owó ara rẹ̀ padà kí ẹ tó ronú èkejì, kí èkejì sì ṣe ohun tí kìíní ò lè ṣe. Ẹ̀kẹta tí ẹ fẹ́ fi ya fọ́tò, ẹ fi owó rẹ̀ ra kébù gidi àti okùn tuntun. Ooru Èkó àti òógùn ń mú okùn dípẹtà.

Gìtá kan wà tí mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó fi bẹ̀rẹ̀: èyí tó ní Floyd Rose. Tí okùn kan bá já lórí rẹ̀, gbogbo èyí tó kù máa ṣì ohùn. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn ṣẹlẹ̀ níwájú olówó tó ń ná yín.

Òfin ni mo kà ní yunifásítì, nítorí náà mi ò lè lọ láìsọ ti rìsíìtì. Ọ̀pọ̀ gìtá tó wà lọ́jà, tòkunbọ̀ ni, ìyẹn ò burú rárá. Èyí tó burú ni ayédèrú, àti Squier tí wọ́n ha orúkọ rẹ̀ kúrò tí wọ́n lẹ Fender mọ́ ọn. Àmì kan rèé: ìdérí kékeré tó wà ní orí Gibson gidi, ìṣó méjì ló ń ní. Tí ẹ bá rí mẹ́ta, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ dáadáa.

Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 sọ pé ẹni tó bá ń ta ohun àlòkù gbọ́dọ̀ jẹ́ kó hàn gbangba pé àlòkù ni, kó sì fún oníbàárà ní rìsíìtì. Ìlànà àtijọ́ tún wà nínú òfin títa ọjà pé ohun tí a bá júwe fún oníbàárà ni a gbọ́dọ̀ gbé fún un. Ṣùgbọ́n tí rìsíìtì yín bá kàn sọ pé "gìtá kan," kí lẹ fẹ́ sọ pé wọ́n júwe? Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ kún: orúkọ, irú rẹ̀, nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, tuntun tàbí tòkunbọ̀, ohun tí wọ́n ti pààrọ̀. Ọlọ́jà tó ń ta òótọ́ kò ní bínú. Tí ó bá di ẹjọ́, Èkó ní kóòtù fún gbèsè kékeré láti 2018, tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Ẹ ò nílò lọ́yà kẹ́ ẹ tó débẹ̀, àmọ́ ẹ nílò ìwé.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè. Ẹ má fi etí YouTube ra gìtá. Ẹ mú kébù tiyín dání. Ẹ kọ́kọ́ ta gìtá náà láì fi iná sí i, kí ẹ gbọ́ bí igi rẹ̀ ṣe ń dáhùn. Ẹ ta orin tí ẹ ń ta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kì í ṣe èyí tí ẹ kọ́ lórí fóònù láàná. Ẹ fi ìka yẹ gbogbo fret wò títí dé òkè. Ẹ gbé e kọ́rùn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí èjìká yín náà dìbò.

Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, mo gbà. Orúkọ tiyín ni ọ̀rọ̀ yẹn ń bá wí, èyí tí wọ́n máa fi pè yín padà sí òde míì. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí agbo ijó tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sí orí gìtá.